Bẹ́líìtì ATV tòkunbọ̀ mi ń yọ̀: ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀ ni?

Ìbéèrè: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ATV (alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin) tòkunbọ̀ kan lọ́dún tó kọjá fún oko kajú wa lọ́nà Ìkóyì-Ilé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo bá di àpò kajú méjì sẹ́yìn rẹ̀, tí mo fẹ́ gun òkè, ẹ́ńjìn á máa ké, àmọ́ kò ní lọ. Òórùn rọ́bà tó ń jóná ni màá máa gbọ́. Láàárọ̀ kùtù, ó máa ń sàn díẹ̀. Odò kékeré kan tún wà tí a máa ń là kọjá ká tó dé oko. Ẹni tó ń lọ ata ládùúgbò wa ní kí n fi ọ̀dà pa bẹ́líìtì náà kó lè máa gbá a mú. Ọmọ mi ní kí n kàn ra tuntun. Èwo ni kí n ṣe? (Àgbẹ̀ kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Ẹ kú oko o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀dà kàn án, ẹ má sì tíì náwó sórí tuntun. Bí ohun tó mú èyí yọ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, á jẹ tuntun náà run.

Ẹni tó ń lọ ata mọ iṣẹ́ tirẹ̀, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ojú kan ni bẹ́líìtì ẹ̀rọ ata máa ń wà lórí púlì. Ti ATV kì í jókòó sójú kan. Púlì méjì ló ní, ọ̀kan lára ẹ́ńjìn, ìkejì lẹ́nu jíà. Púlì kọ̀ọ̀kan jẹ́ awo irin méjì tó forí kanra bí ọmọrí ìkòkò méjì, bẹ́líìtì sì wà láàárín wọn. Bí ẹ bá ti tẹná, àwọn irin wúwo tó wà nínú púlì iwájú á fẹ́ fò síta, wọ́n á ti awo méjèèjì súnmọ́ra, bẹ́líìtì á gòkè lọ sétí. Sípíríìnì púlì ẹ̀yìn á wá gbà fún un, á rì wọnú níbẹ̀. Bó ṣe ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ di awo mú, kó sì tún lè rìn gòkè, rìn wálẹ̀ lára awo kan náà. Bí ẹ bá fi ọ̀dà sí i, á lẹ̀ mọ́ ojú kan, á yọ́ tó bá gbóná, eruku ọ̀nà oko yín á sì pò ó di àmàlà.

Ohun tí ẹ kọ ti sọ ìdajì àìsàn yìí fún mi. Ó ń yọ̀ tẹ́rù bá wà lórí rẹ̀, ó sì sàn tí ara rẹ̀ bá tutù. Ooru wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Jíà wo lẹ máa ń fi sí tí ẹ bá ń gun òkè yẹn? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé H, jíà eré, ni. Lẹ́tà L tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, jíà agbára, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Tí ẹ bá fi H gun òkè pẹ̀lú ẹrù, táyà ń yí díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńjìn ń sáré, bẹ́líìtì tó wà láàárín wọn ló ń jìyà. Á máa fi ara ha irin títí ara rẹ̀ á fi máa dán bíi dígí. Níbikíbi tí ẹ kò bá ti ní sáré ju kìlómítà 10 ní wákàtí kan lọ, yálà òkè ni o, ẹrẹ̀ ni o, ẹrù ni o, L ni kí ẹ fi sí.

Ẹrù náà tún wà níbẹ̀. Àpò kajú tó kún dáadáa lè tó kìlò 80. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ agbẹ́rù ẹ̀yìn ATV lè gbà kò ju nǹkan bíi kìlò 80 sí 110 lọ. Wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara rẹ̀, ẹ lọ kà á. Àpò méjì lẹ́ẹ̀kan ti pọ̀ jù fún un, ká sòótọ́.

Ní ti odò yẹn: bí omi bá wọ ilé bẹ́líìtì, á yọ̀ lójú ẹsẹ̀, kò tiẹ̀ ní dúró de òkè. Èdídí kékeré kan máa ń wà nísàlẹ̀ ilé náà. Ẹ ṣí i kí omi dà nù, ẹ fi jíà sí N (ibi tí jíà kankan kò ti wọlé), kí ẹ máa tẹná díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Atẹ́gùn tí púlì ń fẹ́ á gbẹ ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣí i. Ẹ pa ẹ́ńjìn, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kó tutù dáadáa. Tí ẹ bá ti tú bóòtù tó yí ọmọrí rẹ̀ ká, ẹ má tíì nu nǹkan kan. Ẹ wò ó ná. Eruku dúdú gbígbẹ tó bo gbogbo ibẹ̀, ara bẹ́líìtì tó ti jẹ ni. Bó bá jẹ́ nǹkan tútù lẹ rí, pàápàá lẹ́yìn púlì iwájú, ẹ fi ìka méjì mú díẹ̀, ẹ rà á. Omi á gbẹ mọ́ yín lọ́wọ́. Ọ́ìlì ò ní gbẹ, á máa yọ̀ ṣáá ni. Ọ́ìlì túmọ̀ sí pé síìlì ẹ́ńjìn, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jáde, ti ń jò. Kí ẹ fọ̀ ọ́ fún ọdún kan, á tún padà wá, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ pààrọ̀ síìlì yẹn.

Ẹ wo ọ̀nà atẹ́gùn náà. Ọkùnrin kan gbé tirẹ̀ wá bá mi láti apá Ajáàwà, ó ti jó bẹ́líìtì méjì, ìkẹta ló wà lára rẹ̀. Mo ṣí i, inú mọ́, kò sí ọ́ìlì, kò sí omi. Ìgbà tí mo ki wáyà bọ inú ọ̀pá tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ni amọ̀ líle bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé síbẹ̀, ó sì ti kó aláǹtakùn sí i fún àwọn ọmọ rẹ̀! ATV yẹn ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó rà á. Bẹ́líìtì tí kò rí atẹ́gùn á jóná, ì báà jẹ́ òní ni ẹ rà á.

Kí ẹ tó yọ bẹ́líìtì, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya ọfà sí i lára síbi tó ń yí sí, torí apá ibi tó ti ń yí tẹ́lẹ̀ náà ni á máa yí sí tí ẹ bá dá a padà. Púpọ̀ nínú púlì ẹ̀yìn ní ihò tí a máa ń yí bóòtù wọ̀ láti fi ya awo méjèèjì. Ẹ má fi sikirudíráfà gbọ́n ọn yọ. Ojú awo tí irin bá ti ha, á máa ha bẹ́líìtì títí ayé.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó fi atẹ́gùn fẹ́ eruku yẹn dànù, kí ẹ sì fi aṣọ bo imú. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ tó bẹ́líìtì. Ẹ ṣan án dáadáa, ẹ sá a síbòòji títí á fi gbẹ kanrin. Kò gbọdọ̀ rí pẹtiróòlù, kò gbọdọ̀ rí kẹrosíìnì, WD-40, òróró inú agolo tí wọ́n máa ń fọ́n sára irin, náà kọ́ o. Àwọn awo irin gan-an ni kí ẹ fi ọ̀pọ̀ àkókò sí lára, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn kì í kà sí. Ẹ wá síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tó ti gbó, ẹ rẹ ẹ́ sínú acetone tàbí brake cleaner (omi tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì). Àwọn tó ń kun èékánná ní Tákíè ní acetone. Ẹ sọ fún wọn pé èyí tí kò ní òróró lẹ ń fẹ́. Ẹ máa nu awo yẹn títí aṣọ á fi máa jáde ní funfun. Níbi tí rọ́bà ti jó mọ́ ọn, ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò rọra fi yí i po. Sáńpépà kọ́, kàn-ìn-kàn-ìn onírin kọ́. Ẹ má sì wá fi ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ mọ́ínmọ́ín tán dì í mú.

Ìgbà tí bẹ́líìtì bá ti gbẹ lẹ máa mọ̀ bóyá ó ṣì wúlò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn díẹ̀. Bó bá sán, bí okùn bá ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí eyín kan bá ti ká, kò sí àlàyé mọ́. Bó bá tínrín lójú kan ju ìyókù lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀: ibi tí púlì ti ń yí tí bẹ́líìtì sì dúró nìyẹn, òun náà ló ń mú ọkọ̀ gbọ̀n gìdìgìdì tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi wé ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ATV yín. Nọ́ńbà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni kí ẹ kọ ránṣẹ́ sí ẹni tó máa bá yín rà á ní Ìbàdàn tàbí Èkó. Bẹ́líìtì B tí wọ́n ń lò fún ẹ̀rọ ata fẹ̀ tó mìlímítà 17 péré, ti ATV máa ń tó bíi 30, torí náà kí ẹnikẹ́ni má tà á fún yín pé ó jọra.

Bó bá jẹ́ tuntun ni ẹ padà fi sí i, ẹ má di ẹrù lé e fún nǹkan bíi kìlómítà 50 àkọ́kọ́, ẹ sì má tẹná pa á.

Bí ẹ bá ti ṣe èyí tán, tó tún ń yọ̀ nínú L pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo, a jẹ́ pé irin wúwo iwájú ti jẹ tàbí sípíríìnì ẹ̀yìn ti rẹ̀. Ẹ gbé e wá, kí ẹ mú bẹ́líìtì àtijọ́ náà dání kí n rí i. Ẹ má tú nọ́ọ̀tù àárín púlì ẹ̀yìn yẹn nílé o. Sípíríìnì inú rẹ̀ wà ní títẹ̀, ó lè fò bá yín lójú.