Gíríìlì alámọ̀ àlòkù: nọ́ọ̀tì ni kó o wò, kì í ṣe ìlà

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní aládùúgbò rẹ kan ní Chicago ń kó kúrò, ó fẹ́ ta gíríìlì alámọ̀, ìyẹn ààrò amọ̀ ọlọ́mọrí tí wọ́n ń fi èédú dáná sí, tó ti lò fún ọdún mẹ́sàn-án fún ẹ ní 300 dọ́là, ṣùgbọ́n o rí ìlà wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn lára rẹ̀, ẹ̀rù wá ń bà ẹ́ pé ó máa tó fọ́. Màá dé orí ìlà yẹn. Àmọ́ ìlà kọ́ ló fọ́ tèmi.

Houston ni mò ń gbé. Tuntun ni mo ra tèmi lọ́dún 2013, èyí ńlá tó wúwo ju kìlò 70 lọ. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ń rojọ́ bí oníṣòwò àgbo: bí àwọn sójà Amẹ́ríkà ṣe rí irú ààrò yìí ní Japan lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì tí wọ́n gbé e wálé, bí ọkùnrin kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Atlanta lọ́dún 1974, bí amọ̀ rẹ̀ ṣe ń di ooru mú. Ó rojọ́ títí, kò dárúkọ sípánà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bẹ́líìtì irin kan ló di ọmọrí gíríìlì yìí mú, bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni wọ́n sì fi fún un mọ́ ọn. Tí iná bá mú, irin máa ń fẹ̀ ju amọ̀ lọ. Bó o ṣe ń dáná sí i lọ́dọọdún, nọ́ọ̀tì á máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀, o ò ní mọ̀.

Ní ọdún kẹfà, a fẹ́ sọ ọmọ àbúrò ìyàwó mi lórúkọ nílé wa. Àsun wà lọ́rùn mi, odidi òbúkọ méjì. Lálẹ́ Jímọ̀, àwọn ọmọ ní písà làwọn fẹ́ jẹ, mo bá ṣí ihò afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ àti tòkè gbayawu, ooru náà kọjá 700 Fahrenheit. Písà dùn. Láàárọ̀ Sátidé, aago méje kò tíì lù, mo di ọwọ́ ọmọrí mú kí n kó èédú tuntun sí i, mo gbé e sókè. Mo rí i tí bẹ́líìtì ń gòkè, ọmọrí ò bá a gòkè. Ó kọ́kọ́ dúró bí ẹni ń ronú, ó wá yọ́ gba ẹ̀yìn, ó balẹ̀ lórí kọnkéré gbàà! Irin òfìfo ló kù sí mi lọ́wọ́. Ìyá ìyàwó mi sáré jáde tòun ti ìborùn léjìká, wọ́n ní, "Ta ló ṣubú?" Àpáàdì mọ́kànlá ni mo kà. Inú wọn dúdú fún ọ̀rá ọdún mẹ́fà, ojú ibi tó ti fọ́ funfun bí eyín ọmọdé. Inú ófùn la ti parí òbúkọ yẹn, aago èéfín sì ń ké títí àlejò fi lọ.

Jẹ́ n sọ ti wáráńtì, torí inú ṣì ń bí mi. Títí ayé ni wọ́n kọ sára páálí. Mo pe ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Wọ́n béèrè rìsíìtì, mo ní i. Wọ́n béèrè bóyá mo forúkọ sílẹ̀ nígbà tí mo rà á. Mo fi fọ́tò méje ránṣẹ́, wọ́n ní ó ṣókùnkùn. Mo tún un yà. Wọ́n ní kí n gbé rúlà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Rúlà! Ṣé wọ́n fẹ́ rán aṣọ fún àpáàdì ni? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n kọ̀wé pé wáráńtì ò kan ohun tó bá jábọ́, pé ìwé ìlò ti sọ pé kí onígíríìlì máa yẹ nọ́ọ̀tì wò. Lóòótọ́ ó wà níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà. Ọmọrí tuntun tí mo fowó ara mi rà ju 300 tí wọ́n pè fún ẹ yẹn lọ. Bí aládùúgbò rẹ bá ní wáráńtì títí ayé wà lára rẹ̀, fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dáná sí i kò le. Èédú igi gidi ni, má da epo ìdáná sí i, amọ̀ á fa òórùn rẹ̀ mu. Àmọ́ tó bá ti gbóná, má ṣí i lójijì láé. Iná tí afẹ́fẹ́ ti há fún á bú sí ọ lójú. Gbé ọmọrí ní ìwọ̀n ìka méjì, dúró díẹ̀, kó o tó ṣí i tán. Àwọn ọ̀gá inú fídíò tó ń ṣí i wàà nítorí kámẹ́rà, irun ọwọ́ mi ni mo fi san owó ẹ̀kọ́ wọn.

Chicago tó o wà yẹn, omi ni ọ̀tá rẹ. Tí amọ̀ bá mu omi tí yìnyín wá mú un, ó lè là. Bò ó. Tó bá ti tutù, iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni kó o kọ́kọ́ dá sí i. Níbí, ooru àti ọ̀rinrin ló ń dà wá láàmú: mo lọ Ìbàdàn fún oṣù méjì, mo dé bá èbu funfun bí òwú lórí àwọ̀n irin. Mo fi iná jó o kúrò.

Ó yá, ìlà. Fi èékánná gba orí rẹ̀. Tí kò bá kọ́ ọ léèékánná, ara dídán òkè nìkan ló sán, kò sí nǹkan kan. Fi ìka kàn án bí àwọn ìyá wa ṣe ń kan ìkòkò lọ́jà. Tó bá dún gooro, ó dára, tó bá dún pọ̀pọ̀, fi í sílẹ̀. Tan tọ́ọ̀ṣì sínú ọmọrí, wò ó bóyá ìlà náà wọlé. Ìkòkò inú tí èédú ń wà, ìyẹn lè sán o, tèmi ti sán láti ọdún kẹta, mo ṣì ń lò ó. Há owó dọ́là kan sábẹ́ ọmọrí, pa á dé, kó o fà á. Tó bá yọ́ jáde láìjà, gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń dí etí ọmọrí, ti tán, ìyẹn ò wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá ń gbé e, ẹ kó gbogbo ohun inú rẹ̀ jáde, ẹ tú ọmọrí kúrò, ẹ má ṣe di ìdè ẹ̀yìn mú. Tó bá wà lórí táyà, fífà ni, má tì í. Koríko kékeré lè dá a dojú bolẹ̀.

Mú sípánà dání tó o bá ń lọ, kó o fi yẹ nọ́ọ̀tì bẹ́líìtì yẹn wò. Tí nọ́ọ̀tì bá ti dípẹtà débi pé kò yí mọ́, 200 dọ́là ni kó o pè é. Fọ́tò nọ́ọ̀tì yẹn ni kó o gbé síbí fún wa lọ́la, kì í ṣe ti ìlà.