Wọ́n ní kí n ya plan, wọ́n gbà á, wọ́n bá pòórá

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún méjì tí mo dá ọ́fíìsì àkítẹ́ẹ̀tì tèmi sílẹ̀ n'Íbàdàn, èmi àti ọmọkùnrin kan tó ń bá mi yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà la jọ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ń wá dáadáa, àmọ́ owó ò dúró. Àwọn èèyàn á ní kí n ya plan ilé fún wọn, tí mo bá ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mi ò ní gbúròó wọn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Ìdáhùn: Àbúrò, "tí mo bá ti fi ránṣẹ́" tó o kọ yẹn gan-an ni wàhálà ẹ. Kí ló gbé plan dé ọwọ́ wọn kí owó tó dé ọwọ́ ẹ? Mi ò bú ẹ o, ó ṣe èmi náà rí. Ẹ̀rù ló máa ń bà wá pé tá a bá dárúkọ owó, ẹni yẹn á gba ọ̀dọ̀ dráftìmàn lọ, ìyẹn ayàwòrán ilé tí kì í ṣe àkítẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ya ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan fún bàbá kan, mo kó gbogbo ẹ̀ fún un, títí kan fáìlì AutoCAD tá a fi yà á lórí kọ̀ǹpútà, bàbá ní òun á pè mí lọ́la. Nígbà tó yá mo ń kọjá lọ ni mo bá rí ilé mi, wọ́n ti kọ́ ọ dé dẹ́kì, wọ́n gbé àtẹ̀gùn síbi tí mo fi kíṣìnì sí. Ọ̀la bàbá yẹn ò tíì mọ́ di báyìí.

Ní báyìí, tí mo bá ti lọ wo ilẹ̀ tán, mo ń gba àsansílẹ̀ 40 nínú 100 kí n tó fa ìlà kankan. Màá ya sìkẹ́ẹ̀ṣì, ọ́fíìsì ni wọ́n ti máa wò ó, tí wọ́n bá fara mọ́ ọn wọ́n á san 30 sí i, ìgbà yẹn ni màá tó ya èyí tí bíríkìlà máa lò. 30 tó kù, ọjọ́ tí mo bá lu sítáǹpù ni. Sítáǹpù yẹn ni agbára ẹ, torí òfin tó dá ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn àkítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, sílẹ̀ ti wà láti 1969, ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí lọ́dọ̀ wọn ò gbọ́dọ̀ pe ara ẹ̀ ní àkítẹ́ẹ̀tì. Tí o ò bá tíì forúkọ ọ́fíìsì náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, tètè ṣe é. Má sì yá dráftìmàn kankan ní sítáǹpù ẹ nítorí owó táṣẹ́rẹ́ o, tí ilé bá wó, orúkọ ẹ ni wọ́n máa rí lórí ìwé.

Kọ ohun tó wà nínú owó ẹ sínú ìwé àdéhùn, kó o sì kọ èyí tí kò sí níbẹ̀. Àwọn onílé rò pé plan ni gbogbo ẹ̀, wọn ò mọ̀ pé ti sọ́féyọ̀ yàtọ̀, ti ẹnjiníà yàtọ̀, yíyẹ ilẹ̀ wò yàtọ̀. Owó àṣẹ ìjọba, jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn san án, ì báà jẹ́ n'Íbàdàn, ì báà jẹ́ lọ́dọ̀ LASPPPA, àjọ tó ń fúnni láṣẹ ìkọ́lé l'Ékòó, má jẹ́ kó gba àkáǹtì ẹ kọjá.

Sáìtì náà ń kó owó lọ o! Wọ́n á ní "ẹ kàn yà wò ó fún wa," o dé bẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀pá irin mìlímítà 12 síbi tí ẹnjiníà kọ 16 sí, ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Iye ìgbà tó o máa lọ lóṣù, kọ ọ́ sílẹ̀, kó ní owó tiẹ̀.

Ti iye tó o máa gbà, ká ní rẹ́ǹtì, epo jẹnẹrétọ̀, dátà àti owó ọmọ yẹn jẹ́ 600,000 náírà lóṣù, tí ẹ̀yin méjèèjì ò lè parí ju iṣẹ́ mẹ́ta lọ, iṣẹ́ tí kò bá tó 200,000, ìwọ lò ń bá wọn kọ́lé yẹn, kó o tiẹ̀ tó jẹun. Tó bá jẹ́ ará ilé tàbí ará ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ ni kó o dín kù fún un, má dín owó.

Àwọn tó ti sá lọ ńkọ́? Fi ìwé owó kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí wọn, kó o dákẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń bọ̀ wá wá sítáǹpù tí ìjọba bá ti fi X pupa sára fẹ́ǹsì wọn, kí wọ́n sì kọ́kọ́ san ti àtẹ̀yìnwá.