Aago Inspẹ́kítọ̀ tó ṣípò lọ́wọ́: ohun tí ojú mi rí nídìí fíìmù ọlọ́pàá

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní ẹ ti ya fíìmù ọlọ́pàá yín tán ní Ìkẹ́rẹ́, ó wá ku ọ̀dọ̀ èdítọ̀ kí ẹ tó rí i pé ọwọ́ òsì ni aago Inspẹ́kítọ̀ yín wà nígbà tó ń fọ̀rọ̀ wá ọ̀daràn lẹ́nu wò, kámẹ́rà yí padà báyìí, aago ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. O ní ṣé kí ẹ tún síìnì yẹn yà ni. Màá dáhùn, àmọ́ jẹ́ kí n sọ tèmi ná torí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí.

Èmi ni mo ṣe kọ́ńtì, ẹni tó ń ṣọ́ kí nǹkan má yàtọ̀ láti àwòrán kan sí èkejì, fún fíìmù ọlọ́pàá kan níbí ní Adó. Inú ọyẹ́ la bẹ̀rẹ̀, owó tán lọ́jọ́ kẹfà, gbogbo wa túká, ìgbà tí a fi máa padà dé òjò ti ń rọ̀. Síìnì kan náà ni o, ọlọ́pàá ń lé adigunjalè gba ẹ̀yìn ilé kan lọ́nà Ìwọ́rọ̀kò, koríko ti gbẹ, eruku pupa ń sọ, adigunjalè fo ògiri, ibi tó bọ́ sí lódìkejì ẹrẹ̀ ni, koríko ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tó ṣe DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, ti fá irùngbọ̀n. Fóònù tí mo fi ya gbogbo fọ́tò ti bàjẹ́, mi ò sì ṣe ẹ̀dà kankan síbòmíràn. Wọ́n bi mí pé èjìká wo ni ìbọn ti ba adigunjalè, mo ní òsì, mo tún búra. Ọ̀tún ni.

A gbé fíìmù náà jáde nínú gbọ̀ngàn kan, èrò kún. Nígbà tó dé ibi tí adigunjalè náà ti fẹ́ kú lápá ìyá rẹ̀, tí báńdéèjì ti fò láti èjìká kan sí èkejì, ẹnì kan lẹ́yìn pariwo pé "ọgbẹ́ ti ṣípò o!", gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Màmá tó ṣe ìyá ọmọ yẹn jókòó níwájú mi gan-an. Ojúlówó omijé ni màmá yẹn sun lọ́jọ́ tí a yà á, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló sun ún torí ẹ̀rọ iná ń kú. Wọ́n dìde, wọ́n mú báàgì wọn, wọ́n jáde, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní. Èmi ni mo fà á. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí sílẹ̀ fún ẹ.

Ti pé kí o ya fọ́tò kí ṣọ́ọ̀tì, ìyẹn àwòrán kan tí kámẹ́rà gbà láìdúró, tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó parí, o mọ ìyẹn. Síìnì oúnjẹ náà, òkìtì iyán ò gbọdọ̀ máa kéré kó tún máa ga padà.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n mú wá pé kó máa tọ́ wa sọ́nà. Owó tí wọ́n san fún un ju tèmi lọ. Rópù (àmì ipò ọlọ́pàá) méjì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ apá ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní sájẹ́ǹtì, ó wò ó, ó ní kò sí wàhálà. Kọ́pùrà ló ń ní rópù méjì, mẹ́ta ni ti sájẹ́ǹtì, ọmọ bárékè ọlọ́pàá á sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ! Òun náà ló ní kí wọ́n máa ka "o ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́" sí ọ̀daràn létí bí wọ́n ṣe ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, gẹ́gẹ́ bíi ti Amẹ́ríkà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ́hùn-ún ló fi ìyẹn lélẹ̀ ní 1966. Níbí, kí ẹni tí wọ́n mú tó kọ sítétímẹ́ǹtì ni wọ́n máa ń ka ìkìlọ̀ fún un, á sì fọwọ́ sí i. Lóòótọ́ ẹ̀tọ́ àtidákẹ́ wà nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 35, kí èèyàn dákẹ́ títí á fi rí lọ́yà rẹ̀. Abala yẹn náà ló ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú èèyàn sínú ìwé fún un láàárín wákàtí 24, àti pé tí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Nínú fíìmù tiwa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ náà fi wà ní sẹ́ẹ̀lì láàárín Adó níbí, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ tó bá ń ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn yín, kí ẹnì kan sọ ọ́ lẹ́nu, ìyàwó rẹ̀, lọ́yà, ẹnikẹ́ni, káwọn tó ń wò mọ̀ pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe.

Ilé ẹjọ́ ńkọ́? Adájọ́ wa ń fi òòlù onígi gbá tábìlì. Adájọ́ ilẹ̀ wa kì í lo òòlù. Lọ́yà wọ wíìgì àti gáùn lọ síwájú májísíréètì, wọn kì í wọ̀ ọ́ níbẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́. Lọ jókòó sí kóòtù láàárọ̀ méjì péré, ọ̀fẹ́ ni, wàá rí ohun tí ọ̀gá yẹn ò lè sọ fún wa.

Ẹ ṣọ́ra fún ọdún náà. Ọdún 1994 ni ìtàn fíìmù wa ṣẹlẹ̀, bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́nu ọ̀nà wá kọ "Ekiti State Police Command". 1 October 1996 ni wọ́n dá Èkìtì sílẹ̀, abẹ́ Oǹdó la wà nígbà yẹn! Àpò owó tí wọ́n jí kún fún ẹgbẹ̀rún náírà oníwèé kan, 2005 ló jáde. Ọ̀kan nínú wọn tún ń tẹ fóònù alágbèéká, 2001 ni GSM dé. Tó bá sì jẹ́ ìsinsìnyí ni tiyín, ẹ má kọ SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè, sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, wọ́n ti tú u ká ní October 2020. Ìbọn AK tí ọlọ́pàá ń gbé náà, ọgbọ̀n ọta ló ń wà nínú mágásíìnì rẹ̀, ẹ máa ka iye ìgbà tó bá dún.

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó wọ aṣọ ọlọ́pàá. Òṣèré wa kan wọ̀ ọ́ jáde lọ ra búrẹ́dì ní Ajílósùn, àwọn ọlọ́pàá gidi mú un, ilẹ̀ ṣú ká tó rí i gbà.

Ó yá, aago. Ẹ má tún gbogbo síìnì yà. Èdítọ̀ lè dojú àwòrán yẹn kọ òdìkejì, aago á padà sí òsì, àmọ́ lẹ́tà tó bá wà lára aṣọ á dojú rú, ojú Inspẹ́kítọ̀ náà á sì máa wo ibòmíràn, á dà bíi pé òun àti ọ̀daràn jọ ń wo ẹ̀gbẹ́ kan náà. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ fi àwòrán ojú ọ̀daràn bo ibẹ̀, kí ohùn Inspẹ́kítọ̀ máa lọ lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ ò bá ní àwòrán ojú ọ̀daràn tó gùn tó, ẹ yá aṣọ yẹn padà, kí ẹ ya ọwọ́ òsì nìkan pẹ̀lú aago lórí tábìlì, kò ní gbà tó ìdajì wákàtí.

Padà lọ wo ṣọ́ọ̀tì náà kí o wá sọ fún mi: orúkọ tó wà láyà Inspẹ́kítọ̀, ó hàn àbí kò hàn?