Owó tí oníbàárà fi sábẹ́ àwo: ṣé hàláàlì ni?

ÌBÉÈRÈ

Àsàláámù àlàékúmù, Àáfà. Ilé oúnjẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ síwájú àwọn oníbàárà, èmi náà ni mo ń palẹ̀ àwo mọ́. Bí wọ́n bá jẹun tán, àwọn mìíràn á fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún mi, yàtọ̀ sí owó oúnjẹ, ohun tí wọ́n ń pè ní tíìpù. Arákùnrin kan ní mọ́ṣáláṣí sọ pé hàráàmù ni, ó ní hádíìsì ọkùnrin tó lọ gba sàká ti kà á léèwọ̀. Ìkejì, ọ̀gá wa ní kí a máa da gbogbo rẹ̀ sínú àpótí kan, kí àwa àti àwọn tó ń dáná jọ pín in níparí ọ̀sẹ̀, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti mú èyí tí wọ́n fi sábẹ́ àwo sápò, torí èmi ni wọ́n fún. Ìkẹta, bí èmi náà bá lọ jẹun níbòmíràn tí n kò fi nǹkan kan sílẹ̀, ṣé mo jẹ̀bi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

ÌDÁHÙN

Wà àlàékúmù sàláàmù, àbúrò mi. Òótọ́ ni hádíìsì tí arákùnrin wa mú wá. Ó wà nínú Bukhari àti Muslim, Abu Humayd as-Sa'idi ló gbà á wá. Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rán ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ibn al-Lutbiyyah lọ gba sàká àwọn Banu Sulaym. Nígbà tó dé, ó pín ẹrù sọ́nà méjì, ó ní, "Èyí ni tiyín, èyí ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ." Ànọ́bì gun orí mínbárì, ó ní kí ló dé tí kò jókòó sílé bàbá àti ìyá rẹ̀, kó wá wò ó bóyá ẹ̀bùn yóò wá bá a níbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò gbé e kọ́rùn lọ́jọ́ Àjíǹde, ìbáà jẹ́ ràkúnmí, màlúù tàbí àgùntàn, tòun ti igbe ẹnu rẹ̀.

Ibi tí arákùnrin wa ti ṣì í ni pé kò wo ohun tó wà lọ́wọ́ Ibn al-Lutbiyyah. Ìṣirò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti orí 40 àgùntàn ni sàká àgùntàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí agbowó sàká bá ka 40 sí 39, olówó ti bọ́, àwọn aláìní sì ti pàdánù. Ẹni tó bá fún irú ọkùnrin yẹn lẹ́bùn, ojú rẹ̀ ló fẹ́ fi dí. Ohun tó sún mọ́ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nìyẹn, Ànọ́bì sì ti ṣẹ́ èpè lé ẹni tó ń fúnni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ẹni tó ń gbà á. Òun náà ni ti akọ̀wé tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ti ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó sì lè mú ẹni ìkẹwàá bọ́ síwájú. Kí wọ́n má fi orúkọ tíìpù bo tiwọn mọ́lẹ̀.

Tìrẹ yàtọ̀. Iye oúnjẹ ti wà lákọsílẹ̀, oníbàárà ti jẹun tán kó tó yọ owó, ọ̀gá rẹ mọ̀, ó sì fọwọ́ sí i. O kò ní ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tí o lè tà. Ẹ̀bùn ni, hàláàlì sì ni. Ṣùgbọ́n bí o bá ń bu ẹran kún àwo ẹni tó máa ń fún ọ lówó, láti inú ìkòkò ọ̀gá rẹ, tàbí tí o "gbàgbé" láti kọ ohun mímu kan sínú owó rẹ̀, hádíìsì Ibn al-Lutbiyyah ti bá ọ wí nìyẹn.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Nínú hádíìsì Suwayd ibn Qays, tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá, Ànọ́bì ra ṣòkòtò, ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tó ń fi òṣùwọ̀n wọn owó fúnni, tó ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ànọ́bì sọ fún un pé kó wọ̀n ọ́n, kó sì jẹ́ kó tẹ̀wọ̀n sí i. Ọlọ́jà la mọ̀ mọ́ ènì. Níbí, ẹni tó ń rajà ló fi ènì sí i! Èyí tí mo fẹ́ràn jù tún wà nínú Bukhari àti Muslim, láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayrah: bí ìránṣẹ́ yín bá gbé oúnjẹ wá, tí ẹ kò bá mú un jókòó tì yín, kí ẹ fún un ní òkèlè kan tàbí méjì nínú rẹ̀, torí òun ló fara gbá ooru rẹ̀ àti wàhálà rẹ̀. Mú ọ̀rọ̀ ooru yẹn dání, a máa padà sí i.

Gbígbà kò ṣòro. Ìretí ló ṣòro. Ànọ́bì sọ fún Umar pé owó tó bá wá bá a láìjẹ́ pé ó ń wọ̀nà fún un tàbí tọrọ rẹ̀, kó gbà á, èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó má jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Mo mọ bí ọkàn ṣe ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Kí n tó di ẹni tí ẹ ń pè ní Àáfà, mo bá ènìyàn fọ mọ́tò. Oníbàárà kan máa ń ká owó kékeré sí mi lọ́wọ́ bó bá ń lọ. Kò pẹ́ tí mo fi ń dá ìró mọ́tò rẹ̀ mọ̀ láti òkèèrè. Lọ́jọ́ kan, òun àti bàbá àgbàlagbà kan tí kì í fúnni ní nǹkan kan jọ dé. Omi tuntun ni mo fi fọ tirẹ̀, mo nu gíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Omi tó ti pọ́n nínú korobá ni mo dà sí ti bàbá, n kò sì débi táyà. Iye kan náà làwọn méjèèjì san fún ọ̀gá mi. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹrẹ̀ tó wà lára táyà, ó wò mí, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Ìgbàkígbà tí mo bá ka "Ègbé ni fún àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù", táyà yẹn ni mo máa ń rí. Nítorí náà, ẹni tí kì í fún ọ ní kọ́bọ̀, oúnjẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tutù kí o tó gbé e dé.

Má ṣe dúró ti oníbàárà lórí títí ojú yóò fi tì í. Owó tí ìtìjú yọ kúrò lápò ènìyàn kò ní ìfẹ́ inú rẹ̀ nínú, owó mùsùlùmí kò sì tọ́ sí ẹlòmíràn láìjẹ́ pé inú rẹ̀ dùn sí i. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbowó lára káàdì pàápàá ti ń bèèrè báyìí, tí wọ́n á yí i sí ọ lójú, tí èrò á sì wà lẹ́yìn rẹ. Àwọn tó ń ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ìbéèrè kẹta yóò yá. Bí o kò bá fi nǹkan sílẹ̀, o kò jẹ gbèsè. Owó tí ẹ ṣe àdéhùn lé lórí lo jẹ, o sì ti san án. Bí wọ́n bá ti kọ owó iṣẹ́ àwọn agbóúnjẹ mọ́ ọn, tí o sì rí i kí o tó jókòó, ó ti di àdéhùn, san án. Ohun kan ni kí o kíyè sí. Àwọn ilẹ̀ kan wà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ti fara ti tíìpù. Ní Amẹ́ríkà, láti 1991 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti gba ọ̀gá láyè láti san dọ́là 2.13 péré fún wákàtí kan, bí tíìpù bá ti lè mú un dé owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin, èyí tó jẹ́ 7.25 báyìí. Ojú ọ̀gá ni mo fi ń wo ìlànà yẹn, kì í ṣe ojú oníbàárà, torí àṣẹ Ànọ́bì ni pé kí a san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Síbẹ̀, ẹni tó mọ̀ pé bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn, tó jẹun tó yó, tó ní lọ́wọ́, tó sì dìde lọ láìfi nǹkan sílẹ̀, n kò ní pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní yìn ín. Ẹni tí kò bá ní, kó sọ pé "Jazākallāhu khayran" láti ọkàn wá. Ẹni tó bá sì fúnni, kó má fi gún ẹnikẹ́ni lára, Súratul-Baqarah 2:264 ti sọ bí ìrègún ṣe ń ba sàráà jẹ́.

Mo fi ìkejì sẹ́yìn torí mo rò pé òun gan-an ló ń dùn ọ́. O ní ìwọ ni wọ́n fún. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n o ti gbà pé inú àpótí ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, àwọn mùsùlùmí sì gbọ́dọ̀ dúró lórí àdéhùn wọn. Ìwọ náà ti jẹ nínú èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ dá sí i. Tún wo inú ilé ìdáná: ta ló fara gbá ooru? Oníbàárà kò rí wọn, ìwọ ló rí. Bí o kò bá fẹ́ ìlànà àpótí mọ́, sọ ọ́ fún ọ̀gá kí ọ̀sẹ̀ tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá sì ń bu nínú àpótí náà láìṣe pé ẹ gbà bẹ́ẹ̀, òun náà ń jẹ ohun tí wọn kò fún un, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bá a sọ ọ́.

Ní ti owó ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn, túúbá, kí o ro iye rẹ̀, kí o sì dá a sínú àpótí kí ọjọ́ pípín tó pé. Kò pọn dandan kí o pe ìpàdé lé e lórí. Ọlọ́hun ti bò ọ́ láṣìírí, má tú ara rẹ. Bí wọ́n bá pín in, gba ìpín tìrẹ bíi ti gbogbo yín. Àmọ́ bí ẹnì kan bá wà tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín àsìkò náà, yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí o tó da ìyókù síbẹ̀, kí o sì wá a kàn. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù lọ.