Fáàfù Èéfín Ni Kí O Kọ́kọ́ Wò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́tò Camaro 1969 ni mo ń tún ṣe, ẹ́ńjìnnì 350 tó bá a dé ló ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ti ra supercharger 6-71, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì, pọ́n-ùn 8 lórí ìnṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ni mo fẹ́ kó máa fi tì í. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbẹ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀, kí fáàfù tó ń gba atẹ́gùn wọlé kúrò ní ìnṣì 1.94, kó di 2.02. Kí lẹ rí sí i?
Òǹkàwé, Atlanta

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì gbé e lọ gbẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní supercharger ló ń fúnra rẹ̀ fa atẹ́gùn, òun ni fáàfù ńlá ń ràn lọ́wọ́ jù. Ní tìrẹ, tipátipá ni 6-71 yóò máa ki atẹ́gùn bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Èéfín tó fẹ́ jáde ni kò ní olùrànlọ́wọ́ àfi písítìn àti ipá tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Fáàfù èéfín rẹ tó jẹ́ 1.50 ni kí o sọ di 1.60. Ojú rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá 14 nínú 100 fẹ̀ sí i. Fi 1.94 sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ohun kan ṣì ń dùn mí títí dòní. Ní Houston níbí, mo gbà kí ilé ẹ̀rọ kan gbẹ́ irú tọ́ọ̀pù yìí sí 2.02 àti 1.60 fún oníbàárà mi. Kò pẹ́, omi rédíétọ̀ ń dín, a ò sì rí ibi tó ń jò. Mo tú u, mo gbé irin òòfà lé e, mo wọ́n lẹ́búlẹ́bú irin sí i. Lẹ́búlẹ́bú náà tò láàárín ìjókòó fáàfù méjèèjì, ibi tí fáàfù ń padé lé, tín-ín-rín bí irun orí. Ó ti sán. Irin tí wọ́n ṣẹ́kù síbẹ̀ kò nípọn tó láti gba ooru yẹn.

Ní 1969, òjé wà nínú epo, ó ń dáàbò bo ìjókòó fáàfù. Epo òde òní kò ní in, nítorí náà ní kí wọ́n fi òrùka irin líle sí ti èéfín. Inconel, irin tó ń fara da ooru, ni kí o ra fún fáàfù èéfín fúnra rẹ̀, má ṣe ṣọ́ owó níbẹ̀.

Sípíríǹgì tó ń pa fáàfù dé ńkọ́? Pọ́n-ùn 8 lórí ìnṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn fáàfù 1.94 tó bíi pọ́n-ùn 24 lápapọ̀ tó ń tì í ṣí nígbà tó yẹ kó padé. Sọ èyí fún ẹni tó máa tà á fún ọ, kó fi 24 yẹn kún agbára rẹ̀.

Kí wọ́n tó fi irin kan tọ́ọ̀pù náà, fi òòfà àti lẹ́búlẹ́bú yẹ̀ ẹ́ wò. Bí o bá rí ìlà kankan, ra òmíràn.