Ẹ ń mú àwọn ọmọ lọ Palermo lọ́dún Àjíǹde? Ẹ gbọ́ tèmi

Ìbéèrè: Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin òbí. London la wà, ọmọ mẹ́ta la bí, ọdún 11, 8 àti 5. A rí tíkẹ́ẹ̀tì tí kò wọ́n lọ sí Palermo ní Ítálì ní ìsinmi Àjíǹde, ọjọ́ mẹ́rin péré. Látìgbà tí a ti dé ìlú yìí, kò sí ibi tí a mú àwọn ọmọ lọ rí ju ilé ìyá mi ní Abẹ́òkúta lọ. Ọkọ mi ní ká fi owó náà pamọ́ de Nàìjíríà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti débẹ̀? Ṣé ibẹ̀ dáa fún ọmọdé? Kí ni wọ́n máa rí jẹ? Àbí ṣe ni wọ́n á máa wò wá bí ẹni ń wo egúngún?

Èsì: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. A débẹ̀ ní April 2023, èmi àti ọkọ mi, pẹ̀lú ọmọkùnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Manchester làwa ń gbé. Ẹ lọ. Mo tètè sọ ìyẹn ná, torí bí ẹ bá ka ìyókù, ẹ lè rò pé mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ.

Ti ìwé, kíákíá. Bí pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni ẹnikẹ́ni nínú yín ṣì ń lò, físà Schengen ni o: 90 yúrò fún àgbà, 45 fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá, ẹni tí kò tó mẹ́fà kì í san. Bí ti Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é: kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ṣì ku oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò. Bí orúkọ ìdílé yín kò bá bá tàwọn ọmọ mu, ẹ mú ìwé ìbí wọn dání. Ọkọ mi ló ń ṣe gbogbo ìyẹn nílé wa, ẹ má bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Pápákọ̀ òfurufú wọn jìnnà sí ìgboro, bíi kìlómítà 35. Òkun á wà lápá kan, òkè á wà lápá kejì. Orúkọ adájọ́ méjì ni wọ́n fi sọ ọ́, Falcone àti Borsellino, tí àwọn Mafia fi bọ́ǹbù pa lọ́dún 1992. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ yín máa gbà wọ ìlú yẹn gan-an ni wọ́n ti pa Falcone, ní Capaci. Òpó pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀. Ọmọ mi bèèrè pé kí lòpó yẹn wà fún. Mo ní adájọ́ kan ni wọ́n pa, èèyàn dáadáa, torí pé kò jẹ́ káwọn olè sinmi. Ó ní, “Ṣé ọmọ Nàìjíríà làwọn tó pa á?”

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Bọ́lá Ìgè ló wá sí mi lọ́kàn, tí wọ́n pa sínú ilé rẹ̀ ní Bódìjà ní December 2001, nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́. Wọ́n mú àwọn tó pa Falcone, wọ́n jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Lórí ti Ìgè, ta ni wọ́n jù sẹ́wọ̀n? Ṣùgbọ́n nígbà tó dalẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn tó wá dùn mí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ gbọ́ pé wọ́n pa èèyàn, orúkọ ìlú wa ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Tẹlifíṣàn nìkan kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Èmi àti bàbá rẹ̀ la máa ń jókòó sí pálọ̀ lálẹ́, tá a máa ń ka gbogbo ohun tó bàjẹ́ nílé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìlú náà dùn ún wò lóṣù kẹrin. Igi ọsàn kún ẹ̀gbẹ́ títì, òdòdó rẹ̀ á ti tú jáde, òórùn rẹ̀ á máa bá yín kiri. Ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ já ọsàn yẹn jẹ o. Ọmọ mi obìnrin já a jẹ, ojú rẹ̀ fún pọ̀ títí a fi délé. Ọ̀sán lọ́ wọ́ọ́rọ́, alẹ́ ń tutù. Àwọn ilé kan jọ ààfin, ògiri wọn ti ń ṣí, aṣọ tí wọ́n sá sì ń rọ̀ dirodiro lójú wíńdò. Mo sọ fún ọkọ mi pé tí wọ́n bá fi òrùlé páànù tó ti dípẹtà bò ó, Ìbàdàn ni.

Ọjà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú wọn lọ, Ballarò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Kútọ̀ àti Ìtòkú, ara yín á balẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló ń polówó ọjà, wọ́n á gbóhùn sókè, wọ́n á fà á gùn, ọ̀kan á gbé e, èkejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Abbanniata ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó ṣe, ọkọ mi ò lè mú un mọ́ra, ó dúró síwájú ẹlẹ́ja kan, ó ké, “Láńgbé jiná o!” Ẹlẹ́ja yẹn pàtẹ́wọ́ fún un. Inú àwọn ọmọ dùn débi pé ọmọ mi obìnrin ń sọ fún gbogbo èèyàn ní Manchester pé bàbá òun gbọ́ èdè Ítálì. Ọmọ yẹn ò gbọ́ ìpolówó ọjà rí láyé rẹ̀. Níbo ni ì bá ti gbọ́ ọ?

Ti oúnjẹ, ẹ má dààmú. Wọ́n ní nǹkan kan tó ń jẹ́ panelle. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà ni, irú ẹ̀wà róbótó tí wọ́n ń pè ní chickpea. Wọ́n á rò ó lórí iná bí ẹni ro ẹ̀kọ, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ kó tutù, wọ́n á gé e, wọ́n á dín in, wọ́n á wá kó o sáàárín búrẹ́dì pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́. Búrẹ́dì àti àkàrà ni. Ọmọ mi ọkùnrin, tó máa ń sọ pé àkàrà ń rùn, jẹ mẹ́ta. Mi ò sọ nǹkan kan. Búrẹ́dì kejì tí wọ́n ń fọ́nnu lé lórí, ẹ̀dọ̀fóró màlúù àti àwọn nǹkan inú ẹran míì ló wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ rọra, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń dín in.

Ẹnì kan á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lọ wo òkú àwọn àtijọ́ lọ́dọ̀ àwọn Capuchin, ìyẹn ẹgbẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì kan, níbi tí wọ́n wọṣọ fún wọn tí wọ́n fi wọ́n kọ́ sára ògiri. Ẹ má mú ọmọ ọdún márùn-ún dé ibẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Roger, ọba wọn láyé àtijọ́, tó ń jẹ́ Cappella Palatina, rẹwà, wúrà ń dán lára ògiri rẹ̀ láti nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn, àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá làwọn tèmi lò kí wọ́n tó ní ẹsẹ̀ ń ro àwọn. Ibi tó yẹ kí n mú wọn lọ, mi ò mú wọn lọ: Santa Maria di Gesù, lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n tẹ́ Benedict ẹni mímọ́ sí. Èèyàn dúdú ni, ọmọ ẹrú tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà, ó ń dáná nílé àwọn Franciscan, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì míì, ó kú lọ́dún 1589, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹni mímọ́ lọ́dún 1807. Ọ̀kan lára àwọn alábòójútó Palermo ni wọ́n kà á sí, àwọn dúdú Bràsíìlì náà ń bọlá fún un. Mo ní bọ́ọ̀sì á pẹ́, ó ti rẹ̀ wá, ó di ìgbà míì. Ní July ọdún yẹn kan náà ni iná jó ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, tòun ti òkú Benedict.

Ẹ bèèrè bóyá wọ́n á máa wò yín. Wọn ò wò wá. Èèyàn dúdú kò ṣàjèjì sí wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti pẹ́ ní Ballarò, ará Ẹdó ló pọ̀ jù nínú wọn; ẹ ó rí gàrí rà, ẹ ó rí onídìrí. Ẹni tó fojú burúkú wo èèyàn níbẹ̀, èmi ni.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo mú ọmọkùnrin mi dání, a fẹ́ lọ ra mílíìkì àti omi ní súpámákẹ́ẹ̀tì tó wà nísàlẹ̀ òpópónà wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè ju ọmọ ọdún 25 lọ. Ó ṣí ojú fìlà sókè lọ́wọ́ òsì fún ẹni tó bá fẹ́ ju owó sí i, ó ń fọwọ́ ọ̀tún bá àwọn ìyá àgbà ti kẹ̀kẹ́ ìrajà padà sáyè rẹ̀. “Ciao mamma,” ló ń kí gbogbo obìnrin. Jẹ́sì Super Eagles ti 2018 ló wà lọ́rùn rẹ̀, èyí tápá rẹ̀ ní dúdú àti funfun, ó ti ṣá. Bàbá àwọn ọmọ mi ní irú rẹ̀ nílé. Ọmọ mi dúró, ó ń na ìka sí jẹ́sì náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ti la ẹnu tán.

Mo fa ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, “Má wojú ẹ̀. Máa bọ̀ jàre. Àwọn tó ń bà wá lórúkọ jẹ́ nìyí.”

Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, torí mo rò pé ará Ẹdó ni, kò ní gbọ́. Ohun tí mo ń fi Yorùbá ṣe lójú àwọn ọmọ nìyẹn. Bá a bá wà nínú bọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ bá wọn wí, Yorùbá. Bí aládùúgbò bá ń wọlé bọ̀ tí mo fẹ́ sọ pé ó ti tún dé, Yorùbá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gbé fìlà sẹ́yìn. Ó tẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ mà.”

Ohùn Ìbàdàn. Ìbàdàn tí wọ́n bí èmi náà sí. Kò kàn mí lábùkù. Ó kí mi bí ẹni pé ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí, tó bá mi pàdé lójúde.

Mi ò lè dáhùn. Mo wọlé, mo dúró síwájú mílíìkì, mò ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ní èdè tí mi ò gbọ́. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ibẹ̀ ní. Nígbà tá a jáde, mo fún un ní yúrò márùn-ún, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á. Ó ní, “Ẹ ṣé mà. Ọlọ́run á bá yín wo àwọn ọmọ.” Mo ní àmín. Mi ò bi í pé ọmọ ta ni, tàbí àdúgbò wo, tàbí bóyá ojú òkun táwọn tó ń sá wá sí Yúróòpù máa ń gbà ló gbà wá. Ká ní ní Mọ́kọ́lá ni, ṣé mo lè kọjá láì bi í? Ọjọ́ tó kù, súpámákẹ́ẹ̀tì míì tó jìnnà ni mò ń lọ. Mo parọ́ fún ọkọ mi pé ibẹ̀ ló dínwó.

Lójú ọ̀nà ni ọmọ mi bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni mo sọ fún ọkùnrin yẹn. Mo ní mo kí i ni.

Ó sì gbà mí gbọ́. Bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, màmá mi wà lórí fóònù, à ń wo ojú ara wa lórí WhatsApp. Wọ́n ní kó kí àwọn, ó ní ẹ káàárọ̀ mà. Wọ́n ní ṣé kò mọ òmíràn ni. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, ó gbá àyà, ó ní, “Má wojú ẹ̀. Máa bọ̀ jàre.” Kò ṣì í sọ, àmì ohùn pé pérépéré. Òun nìkan ni gbólóhùn Yorùbá tó gùn tó lè sọ láìkọsẹ̀. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ń pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá gbọ́. Wọ́n ní ta ló kọ́ ọ. Mo ní fíìmù ni.

Mi ò tíì sọ fún ọmọ náà di òní pé ìkíni kọ́. Ó ti di ọmọ ńlá, ó lè ti mọ̀ fúnra rẹ̀, mi ò mọ̀. Mo máa ń wò ó bá a bá fẹ́ kọjá lára ẹni tó ń ṣagbe ní ìgboro Manchester. Ó máa ń gbójú sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ká máa sọ Yorùbá fáwọn ọmọ. Mo ti gbọ́ ọ tó. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Olùkọ́ kan ní jẹ́lé-ó-sinmi ló sọ fún wa pé ọmọ náà ò tètè sọ̀rọ̀ torí èdè méjì, ká mú ọ̀kan. A mú ọ̀kan. Tí mo bá ní mi ò mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́, mo purọ́. Ó rọrùn fún mi ni.

Ti ọkọ yín, mi ò lè dá sí i. Owó tá a ná ní Palermo, òun la ní a máa fi kún ti Ìbàdàn ní December ọdún yẹn. A ò lọ. Màmá mi ò sì bi mí léèrè.

Ẹ mú aṣọ òtútù fún alẹ́. Òkun Mondello funfun ní iyanrìn, bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀, àmọ́ omi rẹ̀ ṣì tutù ní April, orúnkún làwọn tèmi wọ̀ ọ́ dé. Ilé tá a gbé mọ́ tónítóní, kò jìnnà sí ọjà, yàrá mẹ́ta ló ní, ó máa gbà yín. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, màá fi nọ́mbà onílé ránṣẹ́. Súpámákẹ́ẹ̀tì kan wà nísàlẹ̀ òpópónà yẹn.