Bí ẹ́ńjìnì bá kú lókè, imú ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ sílẹ̀

Arákùnrin mi, ẹ ní ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfuurufú kékeré yín, èyí tí ẹ ń fi rédíò darí láti ilẹ̀, kú bó ṣe gbéra tán, ẹ yí i padà sí pápá, ó sì forí sọlẹ̀. Ẹ́ńjìnì kọ́ ló fọ́ ọ o, yíyí yẹn ni.

Tí ẹ́ńjìnì bá ti dákẹ́, eré tó kù lára ọkọ̀ nìkan ló ń gbé e, ó sì ń tán lọ. Ẹ tẹ imú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ ké "dead stick!" (ẹ́ńjìnì ti kú) kí àwọn tó wà lórí pápá lè yà. Ọwọ́ yín á fẹ́ máa fa elevator (pátákó ìrù tó ń gbé imú sókè sílẹ̀) kó má baà wálẹ̀. Ẹ má gbà fún un! Eré á tán, apá kan kò ní lè gbé e mọ́ ṣáájú èkejì, á wá máa yí wálẹ̀ bí òkòtó.

Tí kò bá tíì ga ju igi àgbọn lọ, iwájú ni kó balẹ̀ sí, ìbáà jẹ́ inú igbó. Ẹ lè yà á díẹ̀ kó má baà lu igi tàbí èèyàn, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá yí i tí apá dùbúlẹ̀ tó dígíríì 60, tí ẹ sì ń fà á kó má sọ̀ kalẹ̀, ẹrù tí apá ń gbé ti di ìlọ́po méjì, eré tó kéré jù tí apá fi lè gbé e á sì fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá pọ̀ sí i. Níbo lẹ ti fẹ́ rí eré yẹn? Bó bá tún kẹ́yìn sí afẹ́fẹ́, ojú á tàn yín: ẹ ó rò pé ó ń sáré, afẹ́fẹ́ ló kàn ń tì í.

Tó bá ga, ẹ fà á sún mọ́ tòsí, kó má jìnnà sí pápá. Gíga tó bá pọ̀ jù ṣeé dín kù, ẹ ṣáà máa yà á sọ́tùn-ún sósì. Èyí tí kò bá tó, kò sí àtúnṣe. Flap (pátákó ẹ̀yìn apá tó ń dín eré kù) di ìgbà tó bá dá yín lójú pé ó máa dé. Tó bá ku nǹkan bíi mítà kan sílẹ̀ ni kí ẹ rọra gbé imú. Ẹ máa fi ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ kọ́ ìbalẹ̀ yìí, àmọ́ propeller (abẹ̀bẹ̀ tó ń fa ọkọ̀) rẹ̀ ṣì ń fà díẹ̀. Tó bá kú lóòótọ́, ọkọ̀ kì í lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti ohun tó pa ẹ́ńjìnì yín, mo fura pé epo tó ń wọ inú rẹ̀ ló kéré jù. Kó tó gbéra, ẹ fún un ní gbogbo throttle (ohun tó ń darí agbára ẹ́ńjìnì), ẹ di ara rẹ̀ mú ṣinṣin, ẹ kọ imú rẹ̀ sókè fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Tí ohùn rẹ̀ bá rọ̀, ẹ tú needle (ìdè tó ń díwọ̀n epo tó ń wọlé) kílíìkì méjì tàbí mẹ́ta. Tí ìyẹn kò bá tún un ṣe, ẹ wo inú táǹkì: rọ́bà tó ń fa epo lè ti ká síwájú tàbí kó ti lu. Àárín táǹkì gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú needle tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fi fóòmù wé e, torí gbígbọ̀n ló ń sọ epo di ìfófòó.

Ọkọ̀ tó ń lo bátìrì ńkọ́? Tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ bá gé agbára torí bátìrì ti ń tán, ẹ dá throttle padà sí òdo, ẹ wá rọra gbé e: ó sábà máa ń fún yín ní ìwọ̀nba agbára tí ẹ lè fi balẹ̀.